Ẹ Bi Wá Léèrè: Sísẹ́ Ìròyìn Ọ̀nà Láàárín Àwọn Ráútà Tó Múlé Tira

Mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà tó dé láti Òṣogbo ni a kó jọ sójú ewé yìí, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé: báwo ni ráútà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, ṣe ń pinnu ohun tí yóò gbà gbọ́ lẹ́nu ráútà aládùúgbò rẹ̀, àti ohun tí òun náà yóò sọ fún un? Àwọn ọmọ wa tó ń fi iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹun ń pọ̀ sí i, ó sì yẹ kí wọ́n lè ka ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn ní èdè tí wọ́n fi ń ronú. Àwọn àṣẹ tí à ń tẹ̀ sínú ráútà ni a fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ráútà ṣe ń gbà wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Oríkò wa wà ní Òkè-Fíà, a ní ẹ̀ka kan ní Ìgbọ̀nà àti òmíràn lójú ọ̀nà Ìlobùú, EIGRP, ọ̀kan lára àwọn ìlànà tí ráútà fi ń kọ́ ara wọn ní ọ̀nà, sì ni gbogbo ráútà wa ń lò. Láìpẹ́ yìí ni a fa wáyà láti ẹ̀ka Ìgbọ̀nà wọ ilé-iṣẹ́ kan tó kọjú sí wa, tó ń bá wa ṣe ìṣirò owó oṣù, kí àwọn akọ̀wé wa lè máa lo sáfà wọn. Láti ìgbà náà ni íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ará Ìgbọ̀nà ti ń gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn jáde, tó sì ń falẹ̀; wọn kò sì lè dé kọ̀ǹpútà kankan ní ẹ̀ka Ìlobùú mọ́. Mo fi passive-interface sí ibi tí wáyà náà ti wọ ráútà wa, ńṣe ni ohun gbogbo já. Ẹnjiníà wọn ní òun kò lè yí nǹkan kan padà lọ́dọ̀ tòun. Kí ni kí n ṣe? (Oníbéèrè, Ìgbọ̀nà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe bínú sí ẹnjiníà yẹn. Ráútà tiyín ló gba ohun tí kò yẹ kó gbà, lọ́dọ̀ yín náà sì ni àtúnṣe wà.

Ráútà tó ń lo EIGRP tàbí RIP, ìlànà mìíràn irú rẹ̀, dà bí àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọláìyá tó ń bèèrè ọ̀nà: kò rí ibi tó ń lọ, ẹnu ẹni tó bá pàdé ló gbà gbọ́, bí ẹni méjì bá sì dá a lóhùn, ẹni tó bá ní ọ̀nà tòun kúrú jù ni yóò tẹ̀ lé. Ráútà yín ní Ìgbọ̀nà ń gbọ́ ọ̀nà 0.0.0.0/0, ìyẹn ọ̀nà tí ráútà ń tọ̀ nígbà tí kò bá rí èyí tó ṣe pàtó, láti Òkè-Fíà, ó sì tún ń gbọ́ ọ ní òdìkejì títì. Wáyà tó sọdá títì yá ju okùn tó lọ sí Òkè-Fíà lọ, nítorí náà òṣùwọ̀n tirẹ̀ kéré jù, òun sì ni ráútà mú. Kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò rẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu aládùúgbò ni.

Ọ̀ràn Ìlobùú kò yàtọ̀. Ó jọ pé ẹ̀ka yín níbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ yẹn ń lo 192.168.1.0/24 papọ̀ (/24 ni gígùn ìdì àdírẹ́sì náà: bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni ìdì náà ń kéré tó, tó sì ń ṣe pàtó tó). Àdírẹ́sì yìí wà lára àwọn tí ìwé ìlànà RFC 1918 ti ọdún 1996 yà sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, ọ̀pọ̀ ráútà kékeré ló sì ti ń bá a jáde láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé kí ilé méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí bá a lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ tẹ show ip route 192.168.1.0 lórí ráútà Ìgbọ̀nà, yóò sì fi aládùúgbò tó kọ́ ọ ní ọ̀nà náà hàn yín.

Ohun tí passive-interface ṣe kò lòdì sí ìlànà. Nínú EIGRP, àṣẹ yìí ń dá ìkíni hello tí àwọn ráútà fi ń mọ ara wọn dúró, bí ìkíni bá sì ti dúró, àjọṣe ti tán nìyẹn. Nínú RIP, tó ń kéde àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra wọn, ẹnu ráútà nìkan ni àṣẹ yìí ń pa dé, etí rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí RIP fi máa ń ṣi àṣẹ yìí lò.

Asẹ́ ni ẹ nílò: prefix-list, ìyẹn àkójọ ìdì àdírẹ́sì, àti distribute-list tó ń so ó mọ́ ojú wáyà. Ká ní sáfà owó oṣù náà wà nínú 10.40.8.0/24, tí wáyà sì wọ ráútà yín ní GigabitEthernet0/1, ohun tí ẹ ó tẹ̀ ni èyí:

ip prefix-list GBA seq 5 permit 10.40.8.0/24
router eigrp 100
 distribute-list prefix GBA in GigabitEthernet0/1

Ìlà àkọ́kọ́ dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹ kò ní láti kọ pé kí ráútà kọ ìyókù, nítorí pé ìkọ̀sílẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo prefix-list bí a kò tilẹ̀ rí i: ohunkóhun tí a kò bá dárúkọ kò ní wọlé. Bí wọ́n bá ní ìdì àdírẹ́sì púpọ̀ tí ẹ nílò lábẹ́ 10.40.0.0/16, ẹ lè kọ permit 10.40.0.0/16 le 24, tó túmọ̀ sí pé kí ráútà gba èyíkéyìí lábẹ́ rẹ̀ tí gígùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 16 dé 24. Àwọn kan ṣì ń lo access-list àtijọ́ fún iṣẹ́ yìí, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n access-list kúkurú kì í wo gígùn ìdì àdírẹ́sì. /16, /24 àti /32 kan náà ni lójú rẹ̀ bí nọ́ńbà iwájú bá ti bára mu. N kò rí ìdí tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun fi máa yàn án.

Ẹnìkan lè ní kí ẹ kọ̀ ọ̀nà méjì tó ń dà yín láàmú nìkan, kí ẹ sì gba ìyókù. Mo rọ̀ yín, ẹ má gbà. Ilé-iṣẹ́ yẹn kò sí lábẹ́ àṣẹ yín, wọ́n lè ṣí ẹ̀ka tuntun lọ́la kí wọ́n sì fi àdírẹ́sì mìíràn tí ẹ ń lò sí i, ẹ̀yin ni ẹ ó sì tún máa wá ibi tí omi ti wọ ẹ̀yìn ìgbín. Pẹ̀lú aládùúgbò tó wà lábẹ́ ọ̀gá mìíràn, ohun tí ẹ gbà láyè ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀.

Ẹ kò bèèrè nípa ohun tí ráútà tiyín ń sọ jáde, bẹ́ẹ̀ èyí náà kò ṣeé fi sílẹ̀, nítorí pé lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí ráútà ilé-iṣẹ́ yẹn ti mọ ọ̀nà dé gbogbo yàrá tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ ṣe prefix-list kejì, kí ẹ pè é ní SO, kí ẹ sì fi distribute-list prefix SO out GigabitEthernet0/1 so ó mọ́ ojú wáyà kan náà. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀: ìdì àdírẹ́sì àwọn akọ̀wé gbọ́dọ̀ wà nínú SO, nítorí pé bí sáfà kò bá mọ ọ̀nà padà sọ́dọ̀ wọn, ìbéèrè wọn yóò dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n èsì kò ní padà wá, wọn ó sì máa pariwo pé wáyà ti já. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn akọ̀wé Ìlobùú náà fẹ́ lo sáfà owó oṣù, asẹ́ kankan kò lè gbà yín, nítorí pé ẹ kò lè kéde 192.168.1.0/24 fún ẹni tí òun náà ní i nílé. Ẹ ó ní láti yí àdírẹ́sì ẹ̀ka náà padà.

Ẹ kọ prefix-list tán pátápátá kí ẹ tó so ó mọ́ EIGRP. Bí ẹ bá kọ́kọ́ so ó, gbàrà tí ìlà kan péré bá ti wọlé ni ìkọ̀sílẹ̀ ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbogbo ìyókù. Tí ẹ bá sì ń ṣiṣẹ́ náà láti Òkè-Fíà, ẹ tẹ reload in 10 kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ẹ bá ṣèèṣì ti ara yín mọ́ta, ráútà yóò tún ara rẹ̀ tan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, yóò sì padà sí ètò tí ẹ ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ohun gbogbo bá sì lọ dáadáa, ẹ tẹ reload cancel kí ẹ tó fi ètò tuntun pamọ́.

Ẹ fi sọ́kàn pé asẹ́ ìròyìn ọ̀nà kì í dá pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìsọfúnni fúnra rẹ̀ tó ń rìn lórí wáyà, dúró. Bí ẹnjiníà òdìkejì bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀nà kan sínú ráútà rẹ̀, pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò ṣì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ dí ènìyàn lọ́nà gbọ́dọ̀ fi access-list sí ojú wáyà fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Ráútà 4 ni a ní, wọ́n tò tẹ̀ léra láti Alẹ̀kúwodò dé Abẹ́rẹ́, inú area 0 ti OSPF, ìlànà ọ̀nà mìíràn tó ń pín àwọn ráútà sí agbègbè tí à ń pè ní area, sì ni gbogbo wọn wà. Àwọn kámẹ́rà ààbò wà lẹ́yìn ráútà kìíní, nínú 10.50.7.0/24, a kò sì fẹ́ kí ráútà kẹrin mọ ọ̀nà débẹ̀. Mo fi distribute-list in sí ráútà kejì. Ọ̀nà náà parẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkẹta àti ìkẹrin ṣì ń rí i, èyí tó sì burú jù ni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́yìn ìkẹta kò lè wo kámẹ́rà mọ́. Kí ló fà á? (Òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Alẹ̀kúwodò)

ÌDÁHÙN: Asẹ́ yín ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí ẹ gbé e sí ni kò bá OSPF mu. Nínú OSPF, ráútà kì í gbé àkọsílẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ fún aládùúgbò. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣàpèjúwe ara rẹ̀ àti àwọn okùn tó so mọ́ ọn, àpèjúwe náà, tí à ń pè ní LSA, yóò sì máa ti ọwọ́ ráútà kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì títí yóò fi yí gbogbo area ká, láìsí ẹni tó gbọ́dọ̀ yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo ráútà inú area kan ló ń ní àkójọ kan náà gẹ́lẹ́, orí rẹ̀ sì ni oníkálukú wọn ti ń fi ìṣirò tí Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní ọdún 1959 wá ọ̀nà tó kúrú jù.

Nítorí náà, distribute-list in kò kan LSA rárá. Ó kàn ń dí ọ̀nà náà lọ́wọ́ kó má wọ àkọsílẹ̀ ráútà kejì ni. LSA kọjá lọ sọ́dọ̀ ìkẹta àti ìkẹrin ní odindi, àwọn náà ṣírò, wọ́n rí i pé ráútà kejì ni wọ́n ní láti gbà kọjá, wọ́n sì kó pákẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́. Òun ní tirẹ̀ kò mọ ibi tí yóò kó o sí, ló bá dà á nù. Bí ráútà kejì bá tilẹ̀ ní 0.0.0.0/0 tó kọjú sí ìkẹta, ọ̀rọ̀ náà ìbá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn méjèèjì ìbá máa ju pákẹ́ẹ̀tì náà síra wọn títí TTL rẹ̀, ìyẹn iye ráútà tó lè gbà kọjá, yóò fi tán. Distribute-list out kò sì ní ràn yín lọ́wọ́, torí pé nínú OSPF, kìkì orí ọ̀nà tí ráútà kó wọlé láti inú ìlànà mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí OSPF ti gbà kí a sẹ́ ìròyìn ni ààlà láàárín area méjì. Ẹ kọ́kọ́ yọ distribute-list yẹn kúrò lórí ráútà kejì. Ẹ wá mú ráútà kẹrin kúrò ní area 0, ẹ fi í sí area 1, kí ráútà kẹta sì di ará ààlà tó ní ẹsẹ̀ kan nínú 0 àti ẹsẹ̀ kan nínú 1. Lẹ́yìn náà, lórí ráútà kẹta:

ip prefix-list KAMERA seq 5 deny 10.50.7.0/24
ip prefix-list KAMERA seq 10 permit 0.0.0.0/0 le 32
router ospf 1
 area 1 filter-list prefix KAMERA in

Ráútà kẹta fúnra rẹ̀ yóò ṣì mọ ọ̀nà kámẹ́rà, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò máa bá iṣẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n kò ní sọ nípa rẹ̀ wọ inú area 1. Ẹ ṣọ́ra fún ìlà kejì yẹn. Ẹni tó bá kọ permit 0.0.0.0/0 láìfi le 32 sí i, ọ̀nà default nìkan ló gbà láyè, gbogbo ìyókù yóò sì parẹ́ ní ráútà kẹrin. Kò burú láti dárúkọ ohun tí a kọ̀ níbí, torí pé ẹ̀yin kan náà ni ẹ ni ráútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì mọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ kò fẹ́ kí ráútà kẹrin mọ ọ̀nà ni, àbí ẹ kò fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa wo kámẹ́rà? Bí ó bá jẹ́ èkejì, tí ráútà kẹrin sì ní 0.0.0.0/0 tó gba ọ̀dọ̀ ìkẹta lọ, pákẹ́ẹ̀tì wọn yóò ṣì máa dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà pẹ̀lú gbogbo asẹ́ yìí. Ẹ ó kàn gbé ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó máa pa làpálàpá ni. Access-list tó ń dá pákẹ́ẹ̀tì dúró, níwájú kámẹ́rà gan-an, ni oògùn ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ògo-Olúwa àti àyíká rẹ̀. A ti gba nọ́ńbà AS tiwa (nọ́ńbà tí a fi ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) àti /24 kan lọ́dọ̀ AFRINIC, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà, a sì fẹ́ so mọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá méjì pẹ̀lú BGP, ìlànà tí àwọn AS fi ń kéde ọ̀nà fún ara wọn, kí ọ̀kan lè dúró fún èkejì bí okùn bá já. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí n kò bá sẹ́ ohun tí mò ń kéde, mo lè da íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíràn rú. Ṣé ilé-iṣẹ́ kékeré bíi tèmi lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? (Oníṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì, Ògo-Olúwa)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó sì dára kí ẹ ní méjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá so mọ́ ẹni kejì ni ẹ di afárá tí ó ṣeé ṣe kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá méjèèjì máa gbà kọjá sí ara wọn. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, bí a kò bá fi asẹ́ sí i, BGP yóò kéde gbogbo ọ̀nà tó dára jù tó kọ́ lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ fún ẹnì kejì. Ẹni kejì yóò rò pé ẹ̀yin ni ọ̀nà, yóò sì da omi òkun sínú páìpù ilé yín.

Nílé wa níbí ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, MainOne, ilé-iṣẹ́ tó ni okùn abẹ́ òkun tó ti Portugal wọ Èkó, kéde ọ̀nà Google tó ju 200 lọ fún China Telecom, China Telecom gbà á, ó sì kéde rẹ̀ síwájú. Apá kan nínú ohun tó yẹ kó lọ tààrà sọ́dọ̀ Google bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ṣáínà kọjá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì dé ibi tó ń lọ. Àlàyé tí MainOne fúnra rẹ̀ ṣe ni pé àṣìṣe wà nínú ètò asẹ́ BGP wọn nígbà tí wọ́n ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, àti pé ìṣẹ́jú 74 ni wọ́n fi tún un ṣe. Ohun tó yẹ kí ẹ rí nínú rẹ̀ ni pé asẹ́ méjì ló kùnà: ti ẹni tó kéde àti ti ẹni tó gbà.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí YouTube ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2008 fi nǹkan mìíràn kún un. YouTube ń kéde 208.65.152.0/22. Pakistan Telecom fẹ́ dí YouTube lọ́nà nínú orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n wá dá ọ̀nà 208.65.153.0/24 sílẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ó jò jáde sọ́dọ̀ PCCW tó ń gbé wọn lọ sí gbogbo ayé, PCCW kò sì sẹ́ ẹ. Ráútà kì í wo ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìdì àdírẹ́sì tó bá ṣe pàtó jù ló ń tẹ̀ lé, /24 sì ṣe pàtó ju /22 lọ. Fún nǹkan bíi wákàtí 2 ni àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé kò fi rí YouTube lò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká lo 203.0.113.0/24, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, bí ẹni pé tiyín ni. Asẹ́ ìjáde yín kò ní ju ìlà kan lọ: ip prefix-list TIWA seq 5 permit 203.0.113.0/24, kí ẹ sì so ó mọ́ aládùúgbò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú neighbor 198.51.100.1 prefix-list TIWA out, tí 198.51.100.1 bá jẹ́ àdírẹ́sì aládùúgbò náà. Mo gbà yín níyànjú kí ẹ tún fi asẹ́ AS-path, tó ń wo àwọn AS tí ọ̀nà ti gbà kọjá, tó sì gba ^$ nìkan, kún un, ìyẹn ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ láti inú AS tiyín, kí ọ̀kan lè mú ohun tí èkejì bá jẹ́ kó bọ́. Bí ó bá jẹ́ MikroTik ni ẹ ń lò, ẹ mọ̀ pé RouterOS 6, ẹ̀yà kan nínú ètò tó ń darí ráútà wọn, máa ń gba ọ̀nà tí kò bá ìlà kankan mu nínú asẹ́, nígbà tí RouterOS 7 máa ń kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbé ètò láti ẹ̀yà kan sí èkejì láìtún asẹ́ wò yóò rí ìjàngbọ̀n.

Ní ti ohun tó ń wọlé, bí mẹ́mọ́rì ráútà yín kò bá tóbi, 0.0.0.0/0 láti ọ̀dọ̀ ẹni méjèèjì ti tó yín. Àkọsílẹ̀ ọ̀nà IPv4 àgbáyé ti ju 900,000 lọ, n kò sì rí àǹfààní tí ilé-iṣẹ́ kékeré ń jẹ nínú rẹ̀ tó owó ráútà tó lè gbé e. Bí ẹ bá pinnu láti gba gbogbo rẹ̀ náà, ẹ kọ àdírẹ́sì tiyín fúnra yín tó bá ń ti ìta wọlé, ẹ kọ àwọn àdírẹ́sì abẹ́lé RFC 1918, ẹ kọ ohunkóhun tó bá gùn ju /24 lọ, kí ẹ sì fi neighbor maximum-prefix, tó ń fi òpin sí iye ọ̀nà tí ẹ lè gbà, dé e lórí.

Láti ọdún 2017 ni RFC 8212 ti sọ pé kí BGP má ṣe gba ọ̀nà tàbí kéde rẹ̀ fún AS mìíràn bí a kò bá kọ ìlànà sílẹ̀ fún un. Gbogbo ráútà kọ́ ló ń pa á mọ́, nítorí náà ẹ fi asẹ́ sí i kí ẹ tó ṣí àjọṣe náà sílẹ̀. Bí ẹ bá yí asẹ́ padà lẹ́yìn náà, clear ip bgp 198.51.100.1 soft out ti tó láti mú un ṣiṣẹ́ láìjá àjọṣe, show ip bgp neighbors 198.51.100.1 advertised-routes yóò sì fi ohun tí ẹ ń sọ gan-an hàn yín. Bí ẹ bá rí ìlà tó ju ọ̀kan lọ níbẹ̀, ẹ pa àjọṣe náà ná, kí ẹ tó máa wá ìdí rẹ̀.

Ó ku iṣẹ́ kan tó wà ní ìta ráútà. Ẹ wọ ojúlé yín lọ́dọ̀ AFRINIC, kí ẹ dá ROA, ìwé ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ fún /24 náà, tó ń jẹ́rìí sí i pé AS tiyín ló láṣẹ láti kéde rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń yẹ ROA wò yóò máa kọ̀ ọ́ bí AS mìíràn bá kéde àdírẹ́sì yín. Níbi tí wọ́n bá ti bèèrè gígùn tó pọ̀ jù, 24 ni kí ẹ kọ.